Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Yí Kókó Igi Tí Kò Fi Ní Fọ́

Ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù, tàbí láti Ìkòtún lọ sí Ìgàndó, kò ní rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ ìró ayùn àti òòlù. Àwọn káfíńtà pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé àwọn tí ń wá iṣẹ́ wọn pọ̀. Nígbà tí ìjọba ka iye ènìyàn ní ọdún 2006, 1,277,714 ni a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, olúkúlùkù wọn ni ó sì ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí àti ibi tí yóò sùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń ṣe ohun kan náà pọ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń ṣe irú àga kan ní ojú títì kan, kò sí bí èrè olúkúlùkù kò ṣe ní kéré.

Síbẹ̀, ohun kan ń bẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ nù. Èyí ni kókó ara igi. Àwọn lagilagi a máa gé e kúrò kí ìtì igi lè gún régé, àwọn káfíńtà a sì máa jù ú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tí ń wá igi ìdáná. Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú ni wọ́n kà á sí. A kò tilẹ̀ rí i dáná dáadáa, nítorí pé àáké kì í là á bọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ òkèèrè, orí òṣùwọ̀n ni a máa ń gbé irú kókó bẹ́ẹ̀ lé kí a tó tà á, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta ẹran, abọ́ kékeré kan tí a bá sì fi í ṣe dáadáa a máa gba owó ju pákó tí ó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ó jẹ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lógún. Èkíní ni kí kókó náà má fọ́. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni kí ojú àti orí ẹni tí ń yí i má fọ́ pẹ̀lú.

OHUN TÍ KÓKÓ IGI JẸ́

Ní ìwà àdánidá, iṣan igi a máa ti ìdí lọ sí òkè, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a nà. Ìdí nìyí tí àáké fi lè la ìtì igi gbọọrọ sí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ara igi a gbọgbẹ́, tàbí kí kòkòrò wọ inú rẹ̀, tàbí kí èbu mú un, tàbí kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mùnú tí ó yẹ kí ó di ẹ̀ka kó jọ sí ojú kan láì rí àyè yọ. Igi náà yóò wá máa hù yí ibẹ̀ ká lọ́dọọdún títí yóò fi wú bí gẹ̀gẹ̀. Nínú gẹ̀gẹ̀ yìí, iṣan igi kì í lọ sí ọ̀nà kan mọ́. Ó ń lọ́, ó ń wé mọ́ ara rẹ̀, ó ń yí po bí omi ojú ibú, ojú kéékèèké a sì kún inú rẹ̀ káàkiri.

Ibi tí ẹwà kókó ti wá náà ni àìlera rẹ̀ ti wá. Iṣan tí ó wé mọ́ ara wọn ni ó ń fún abọ́ ní àwòrán tí kò sí ayàwòrán tí ó lè yà á. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣan wọ̀nyí kúrú tí wọn kò sì nà láti ìhín dé ọ̀hún, kò sí ohun tí ó di igi náà mú ṣinṣin bí ti pákó gbọọrọ. Èèpo igi a máa há sí inú rẹ̀, ihò a máa wà níbi tí a kò fojú sí, ibi kan a le bí irin, ibi kejì a sì rọ̀ bí àkàrà. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń yí lórí ẹ̀rọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, èyíkéyìí nínú ibi wọ̀nyí lè já.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni kókó igi ti ń hù. Ní ìlú Essaouira ní ilẹ̀ Mòrókò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fi kókó tí ń hù ní ìdí igi kan tí a ń pè ní thuya ṣe àpótí àti abọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, kókó kan wà tí àwọn oníṣòwò mọ̀ sí amboyna, ara igi tí ó jẹ́ ìbátan igi òsun ilẹ̀ wa ni a sì ti ń rí i. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu bí òsun, ìrókò, tàbí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé bá ní kókó tí ó tó ó fi ṣe ohun ẹlẹ́wà.

IṢẸ́ TÍ ÀWỌN BABA MỌ̀, ÀTI Ẹ̀RỌ TÍ Ó DÉ LẸ́YÌN

Ẹ̀rọ ayígi kì í ṣe ohun àná. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ibojì Petosiris ní ilẹ̀ Íjíbítì, èyí tí a kọ́ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àáké kékeré, irin ìgbẹ́ àti ọ̀bẹ ni àwọn agbẹ́gilére fi ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Lámídì Fákẹ́yẹ, ará Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó di olóògbé ní ọdún 2009, mú òkìkí iṣẹ́ náà dé ilẹ̀ òkèèrè, láì fi ẹ̀rọ yí igi. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀nà méjèèjì ni pé igi dúró jẹ́ẹ́ fún agbẹ́gilére, irin ni ó ń lọ bá a. Lórí ẹ̀rọ, irin ni ó dúró, igi ni ó ń sáré bọ̀ wá bá irin. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ máa ń ṣe léṣe.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ń bẹ lọ́wọ́ àwọn baba tí kò yẹ kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ sọ nù. Nígbà tí igi bá ṣì tutù ni wọ́n ń gbẹ́ odó àti ọpọ́n, inú òjìji ni wọ́n sì ń gbé e sí kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí a ó ti rí i nísàlẹ̀, ọgbọ́n yìí gan-an ni ó ń gba kókó igi là.

YÍYAN KÓKÓ

Àwọn àgbà ní, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí oníṣẹ́ tó gbé kókó sórí ẹ̀rọ, kí ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, kí ó yí i wò tinú tẹ̀yìn. Kí ó fi òòlù kékeré kàn án káàkiri. Bí igi bá yè, ohùn rẹ̀ a dún ketekete. Bí ó bá sán nínú tàbí bí ìkán bá ti jẹ ẹ́, ohùn rẹ̀ a kú bí ìgbà tí a lu àpò ẹ̀wà. Bí ìlà kan bá la kókó náà já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, kí a má gbé e sórí ẹ̀rọ rárá. Ó sàn kí a fi ayùn gé e ní ojú ìlà náà, kí a sì fi ẹyọ méjèèjì ṣe nǹkan tí ó kéré, ju kí a fi agídí ṣe abọ́ ńlá kan tí yóò fò yọ.

Kí a wá ìṣó pẹ̀lú, nítorí pé igi tí ó hù sí àárín ilé kì í ṣàìní ìṣó nínú. Bí ó bá jẹ́ ìrókò, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Igi ìrókò a máa kó ẹfun òkúta jọ sí inú ara rẹ̀, òmíràn a sì tóbi tó ẹyin adìẹ, láì sí àmì rẹ̀ ní òde ju pé igi ibẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Òkúta yìí a máa ba ẹnu irin jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè mú kí irin fò padà sí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú.

Ibo ni ó yẹ kí a ti rí kókó? Kì í ṣe lára igi tí ó ṣì ń hù. Bí a bá bó kókó kúrò lára igi tí ó wà lóòró, ọgbẹ́ ńlá ni a dá sí i lára, àrùn yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ní Mòrókò, bí a ti ń wú gbòǹgbò thuya nítorí kókó ti mú kí igi náà dínkù nínú igbó. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá, a kò gbọdọ̀ gé igi láì gba àṣẹ ìjọba. Ọ̀dọ̀ LASPARK, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ni a ti ń gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a lọ bá àwọn onípákó àti àwọn lagilagi, kí a ra èyí tí wọ́n ti gé sọ nù, tàbí kí a dúró de igi tí ìjì bá wó.

BÍ KÓKÓ ṢE Ń GBẸ

Igi tútù kún fún omi. Bí omi yìí bá jáde, igi a súnkì. Bí òde bá gbẹ kí inú tó gbẹ, òde yóò súnkì mọ́ inú tí kò súnkì, yóò sì sán. Ohun tí ń fọ́ ọ̀pọ̀ kókó kí wọ́n tó dé orí ẹ̀rọ nìyí.

Nítorí náà, kí a má jẹ́ kí kókó tútù jókòó sínú oòrùn Ìkòtún fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá ti gé e, kí a yọ́ àbẹ́là, kí a sì fi kun ojú ibi tí ayùn gbà kọjá. Lẹ́yìn èyí, kí a tètè yí i ní àyíkọ́kọ́, ìyẹn ni pé kí a yí i di abọ́ tí ó nípọn, kí a sì gbé e sílẹ̀ kí ó gbẹ. Òfin tí àwọn ayígi ń lò ni pé kí nínípọn ara abọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀. Abọ́ tí ó fẹ̀ ní íńṣì 10 yóò nípọn ní íńṣì 1. Èyí tí ó fẹ̀ ní íńṣì 6 yóò nípọn ní ìwọ̀n díẹ̀ ju ààbọ̀ íńṣì lọ. Nínípọn yìí ni yóò fún wa ní àyè láti tún un yí kí ó rí róbótó, nítorí pé bí ó bá gbẹ tán, yóò ti lọ́.

Kí a wá fi àbẹ́là tàbí ìda kun ẹ̀yìn abọ́ náà, kí a fi bébà sìmẹ́ńtì tí a ti gbọn ẹrùpẹ̀ rẹ̀ dànù wé e, kí a sì gbé e sí òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń fẹ́. Ní àkókò òjò, kí a máa yẹ bébà náà wò kí èbu má baà mú un. Ní àkókò ọyẹ́, kí a fi bébà kún bébà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fa omi jáde kíákíá ju bí igi ti lè fara dà lọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ? Kì í ṣe nípa fífi ọwọ́ bà á. Kí a gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ iye tí ó wọ̀n sí ara bébà náà. Níwọ̀n ìgbà tí iye náà bá ṣì ń lọ sílẹ̀, omi ṣì ń jáde. Bí ó bá dúró sí ojú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti gbẹ. Èyí lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

DÍDÍ IBI TÍ Ó BÁ SÁN

Kò sí kókó tí kò ní ibi kan tí ó sán. Bí ìlà náà bá tín-ín-rín bí irun, kí a kán súpà gúlù tí ó ṣàn bí omi sí i, kí a sì jẹ́ kí ó mu ún títí yóò fi kọ̀. Bí àlàfo náà bá tóbi, kí a fi lẹ́búlẹ́bú igi kan náà dí i kí a tó kán gúlù lé e. Bí ó bá jẹ́ ihò, kí a lo gọ́ọ̀mù alápòpọ̀, èyí tí ó wà nínú ike méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó tó le, kí a sì fún un ní ọjọ́ kan gbáko kí ó fi gbẹ. Èèpo tí kò bá dì mọ́ igi dáadáa, kí a yọ ọ́ dànù pátápátá.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó wà níhìn-ín. Èéfín súpà gúlù a máa ta ojú, nítorí náà kí a ṣí fèrèsé. Kí a má sì fi òwú tàbí aṣọ òwú nù ún, nítorí pé bí gúlù yìí bá pọ̀ sí ara òwú, ó máa ń gbóná lójijì títí yóò fi jó ọwọ́, ó sì lè mú kí òwú náà máa rú èéfín. Bébà ni kí a fi nù ún.

DÍDÈ É MỌ́ Ẹ̀RỌ

Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ju àwo irin tí a ń fi síkúrù dè mọ́ igi lọ lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ewu, bí ó bá tẹ̀lé ètò. Ojú tí yóò di ẹnu abọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi síkúrù dè mọ́ àwo irin náà, nítorí pé bí a bá gbẹ́ inú abọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ojú síkúrù wọ̀nyí yóò bá a lọ. Kí síkúrù wọ ibi tí igi ti le, kì í ṣe inú èèpo tàbí ibi tí ó rọ̀. Kí a sì sún ìdí ẹ̀rọ wá, kí ṣóńṣó irin rẹ̀ ti kókó náà mọ́ àwo láti òdìkejì. Nígbà tí a bá ti yí ẹ̀yìn abọ́ tán tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú, a ó tú u, a ó sì yí i padà.

Bí igi bá ṣì tutù, gọ́ọ̀mù kì í mú un. Kí a fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn tó láti gba síkúrù. Bí ó bá ti gbẹ tí ó sì ku àyíkẹ́yìn, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ègé pákó kan tí ó yè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a fi ewé ìwé ìròhìn kan sí àárín wọn. Ara ègé pákó yìí ni síkúrù yóò wọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó ti irin pẹlẹbẹ bọ ojú ìwé náà, ìwé yóò sì ya sí méjì láì pa abọ́ lára. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìsopọ̀ oníwèé yìí gbé kókó tí ó wúwo sí apá kan. Èyí tí a ti yí róbótó tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè gbà.

ÌYÁRA Ẹ̀RỌ

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá ti ń ṣẹlẹ̀. Òfin kan ń bẹ tí ó rọrùn láti há sórí: iye íńṣì tí igi fẹ̀, tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kí ó má kọjá 9,000. Láàrin 6,000 sí 9,000 ni iṣẹ́ lásán ń wà. Bí àpẹẹrẹ, abọ́ tí ó fẹ̀ ní íńṣì 10 kò gbọdọ̀ yí ju ìgbà 600 sí 900 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní 900 yẹn, ẹnu abọ́ náà ń sáré bí ọkọ̀ tí ń lọ ní kìlómítà 43 ní wákàtí kan. Kí olúkúlùkù fojú inú wo ègé igi tí ó já kúrò ní irú eré bẹ́ẹ̀ tí ó sì dorí kọ ojú ènìyàn.

Ti igi yíyè nìyí o. Fún kókó tí kò tíì róbótó, tàbí èyí tí ó ní àpá, kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìyára tí ó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ ní, kí a má sì fi kún un bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Kí a tó tan iná, kí a fi ọwọ́ yí igi náà ní àyípo kan, kí a rí i pé kò kan irin ìgbọ́wọ́lé. Bí a bá tan iná, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní ojú ibi tí igi lè fò sí, títí yóò fi yí fún ìṣẹ́jú kan láì sí wàhálà.

Ìbòjú tí ó bo gbogbo ojú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n di dandan. Awò ojú lásán kò tó. Kí a ká apá aṣọ sókè, kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, kí a má sì wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ, nítorí pé bí igi bá mú aṣọ, yóò fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń wòran kò gbọdọ̀ dúró ní iwájú ẹ̀rọ.

Bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni pé kí a fa irin kúrò lára igi, kí a sì pa ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn tí ó lọ jókòó de iná, tí ó wá ń fọwọ́ tọ́ abọ́ náà wò, yóò bá ọ̀ràn pàdé nígbà tí iná bá dé láì kan ilẹ̀kùn.

IRIN ÀTI BÍ A ṢE Ń DÌ Í MÚ

Irin tí ẹnu rẹ̀ kó kòtò bí ìdajì ọparun ni ó dára jù fún abọ́. Kí a gbé e lé irin ìgbọ́wọ́lé kí ó tó kan igi. Kí ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀, níbi tí a ti pọ́n ọn, kọ́kọ́ fara kan igi, lẹ́yìn náà kí a rọra gbé ìdí irin sókè títí ẹnu yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó èérún tín-ín-rín. Bí èérún bá ń jáde bí òwú, iṣẹ́ dára. Bí lẹ́búlẹ́bú ni ó ń jáde, irin ti kú. Kí a lọ pọ́n ọn. Kókó igi a máa pa irin kíákíá ju pákó lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ń lọ́ra láti pọ́n irin yóò máa fi agbára dí ipò mímú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ ni lọ́wọ́.

Nígbà tí a bá ń gbẹ́ inú, kí a ṣe ẹnu abọ́ tán pátápátá dé ibi tínrín tí a fẹ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Kí a wá máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n íńṣì kan lẹ́ẹ̀kan, kí a parí rẹ̀, kí a tó tún sọ̀. Kí a má tún padà sí ẹnu. Bí inú bá ti ṣófo, ẹnu abọ́ a máa mì, a sì máa lọ́ díẹ̀díẹ̀. Irin tí ó bá padà lọ síbẹ̀ yóò kọ́ ọ, abọ́ oṣù mẹ́fà yóò sì di ẹ̀ṣẹ́ igi ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹnu náà bá ní àpá, kí a fi téèpù líle wé e yípo láti òde nígbà tí a bá ń gbẹ́ inú. Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò dọ́gba a máa dà bí òjìji nígbà tí ó bá ń yí. A kò lè fojú rí etí rẹ̀ tí ó yọ, ṣùgbọ́n ó lè gé ìka.

SÁŃPÉPÀ ÀTI LẸ́BÚLẸ́BÚ IGI

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sáńpépà 120, kí a lọ sí 180, 240, 320, títí dé 400, láì fo ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ yí ní ìdajì ìyára tí a fi gbẹ́ ẹ, kí ọwọ́ sì fúyẹ́. Bí sáńpépà bá gbóná mọ́ ìka, ó ti gbóná mọ́ igi pẹ̀lú, ooru yìí a sì máa mú kí ojú kókó sán wẹ́wẹ́ nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kí ó parí. Kí a fi fọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn sáńpépà kí etí ihò má baà gé ọwọ́.

Lẹ́búlẹ́bú tí ń fò kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ní ọdún 1995, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé lẹ́búlẹ́bú igi ń fa jẹjẹrẹ inú imú. Ti ìrókò a máa yún ara, a sì máa dí àyà mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ti igi tí àwọn onípákó ń pè ní mansonia burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè mú kí imú máa ṣẹ̀jẹ̀. Kí a bo imú àti ẹnu dáadáa, kí a ṣe iṣẹ́ yìí níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí a sì fi omi rin ilẹ̀ kí a tó gbá a. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń fa lẹ́búlẹ́bú jù lọ, ó sì jẹ́ ojúṣe ọ̀gá rẹ̀ láti dáàbò bò ó.

PỌ́LÍÌṢÌ

Àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi epo pupa, àdín tàbí òróró ẹ̀pà pa abọ́ kí ó lè dán. Yóò dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo wọ̀nyí kì í gbẹ. Yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì kan bó bá yá. Òróró tí ń gbẹ ni a ń fẹ́, irú bí òróró linseed tí a ń tà níbi tí a ti ń ta ọ̀dà.

Kí a kọ́kọ́ po ṣẹ́láàkì pẹ̀lú sípíríìtì kí ó ṣàn, kí a sì fi pa abọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ara ohun tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni a fi ń ṣe ṣẹ́láàkì, ó sì wúlò fún kókó ní ọ̀nà méjì: ó ń dí ihò kéékèèké, ó sì ń ya òróró kúrò lára omi inú igi. Èyí ṣe pàtàkì fún ìrókò, nítorí pé ohun kan wà nínú ara ìrókò tí kì í jẹ́ kí òróró gbẹ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ṣẹ́láàkì, kí a fi òróró náà pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí a nu èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin irú èyí tó. Níkẹyìn, a lè fi ìda oyin nù ún.

Kí a má ṣe gbàgbé àkísà. Bí òróró linseed bá ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde. Àkísà tí a fi nu òróró yìí, tí a ká jọ sí igun ṣọ́ọ̀bù láàrin èérún igi, lè gbaná fúnra rẹ̀ ní òru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Kí a tẹ́ ẹ sí ìta gbangba títí yóò fi le, tàbí kí a rì í sínú omi. Ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù ti fara mọ́ ṣọ́ọ̀bù bí ti Ìkòtún, àkísà ẹnì kan lè sọ gbogbo ilà di eérú.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ FÚN ÀWỌN ỌGÁ ÀTI ỌMỌ IṢẸ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kókó. Kí ó kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ àga àti abọ́ pẹlẹbẹ láti ara pákó yíyè títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ irin. Kókó tí ó tóbi tó ìkúùkù ni kí ó fi ṣe àkọ́kọ́, kì í ṣe èyí tí ó tóbi tó orí. Àwọn òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́nà tí ó létò lè béèrè ní Ilé-ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ti Ìjọba tí ó wà ní Ìkòtún. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ nípa irú igi kan, Ilé Ìwádìí nípa Igbó tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1954 ni ibi tí a ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ igi fún àwọn tí ń wá ìdáná. Bí kókó kan bá wà níbẹ̀ tí ó yè, kí ó fi àbẹ́là kun ojú rẹ̀, kí ó gbé e sí òjìji, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó gbé e síbẹ̀ sí i lára. Bákan náà, kí ó ka iye ìbòjú tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí kò bá tó iye àwọn tí ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó ra èyí tí ó kù kí ó tó ra irin mìíràn.